Iṣẹ́ Ẹrú tí a Fi Ti Ọmọ Jẹ́: Orlando Martins nínú Eré Ìlú Ọba

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, à á fi ti ọmọ jẹ́ ẹ. Nínú gbogbo àwọn òṣèré tí ilẹ̀ wa ti bí, n kò mọ ẹni tí òwe yìí bá mu ju Orlando Martins lọ. Ọmọ Èkó ni. Ìlú Ọba ni ó gbé fún nǹkan bí ogójì ọdún, tí ó ń ṣe eré lórí ìtàgé àti nínú sinimá, ní ìgbà tí ènìyàn dúdú tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ. Lónìí, bí a bá dárúkọ rẹ̀ láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kò pọ̀, àwọn díẹ̀ tí ó sì mọ̀ ọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Apá kan ní akọni ni, òun ni ó la ọ̀nà fún àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Apá kejì ní ó ta àwọ̀ ara rẹ̀ fún Òyìnbó ni. Wọ́n á ní, kí ni ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe nínú sinimá bí kò ṣe olóyè inú igbó, ọmọ-ọ̀dọ̀ àti olóògùn burúkú? Lójú tèmi, apá méjèèjì ń dá ẹjọ́ ènìyàn tí wọn kò fara balẹ̀ wo iṣẹ́ rẹ̀.

Oṣù December 1899 ni wọ́n bí i ní Èkó, nínú ẹbí Àgùdà, ìyẹn ni pé ìran bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tí ó ti ilẹ̀ Brazil padà wálé. Ibẹ̀ ni orúkọ Martins ti wá. Ní 1913, ọdún tí wọ́n dá Eko Boys' High School sílẹ̀, ó wọ ilé-ìwé náà, ṣùgbọ́n kò parí rẹ̀. Ogun àgbáyé kìíní dé, ó bá ọkọ̀ òkun lọ. Nígbà tí ogun parí, ó fi Lọ́ńdọ̀nù ṣe ilé.

Kò sí ẹni tí ó gbé iṣẹ́ eré kalẹ̀ dè é níbẹ̀. Ó ṣe ọdẹ òru, ó ṣiṣẹ́ nínú kíṣìnnì. Ó bá agbo eré kan ṣiṣẹ́, níbi tí ó ti ń fi ejò dárà fún èrò wò. Ó dúró lẹ́yìn àwọn oníjó Diaghilev gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn tí kò ní ọ̀rọ̀ í sọ. Ó wà nínú àwọn akọrin Show Boat. Ó tún ja ẹkẹ fún owó, orúkọ tí wọ́n sì fi ń kígbe pè é lójú agbo ni Black Butcher Johnson. Ẹ gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀: Alápatà Dúdú! Ọkùnrin tí ó ní orúkọ Àgùdà láti ilé, wọ́n bọ́ ọ kúrò lọ́rùn rẹ̀ bí ẹni bọ́ ẹ̀wù, wọ́n wọ ti ẹlẹ́ran fún un. Ṣùgbọ́n n kò ní fi ojú kékeré wo àwọn ọdún wọ̀nyí, nítorí ibẹ̀ ni mo rò pé ó ti kọ́ ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ lẹ́yìn náà. Ènìyàn ńlá ni, ó ga, ó sì síngbọnlẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ti dúró pẹ̀lú ejò níwájú ẹgbẹ̀rún ènìyàn yóò mọ bí a ti í dúró láìmira. Nínú gbogbo sinimá rẹ̀ tí mo rí, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ gba ojú mi ni ìdúró rẹ̀.

Ní 1935 ni Sanders of the River jáde, tí Zoltan Korda darí. Ilẹ̀ Nàìjíríà wa yìí ni wọ́n ní ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ kan tí ń jẹ́ Sanders ni ó ń ṣe àkóso àwọn ènìyàn ẹ̀bá odò bí ẹni ń ṣe àkóso ọmọdé. Ó lọ fún ìsinmi, gbogbo nǹkan sì dàrú. Paul Robeson ni ó ṣe olóyè tí ó jẹ́ olóòótọ́ sí Ajẹ́lẹ̀, ipa kékeré ni Martins ní nínú rẹ̀. Robeson fúnra rẹ̀ kọ sinimá náà sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ojú tì í. Kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ ju èyí lọ, àfi pé Jomo Kenyatta, tí ó di olórí ilẹ̀ Kenya, wà lára àwọn èrò dúdú tí wọ́n háyà fún un. Kí àwọn tí ń sọ pé aláìnírònú nìkan ni ó gba irú owó bẹ́ẹ̀ fi èyí sọ́kàn.

Ọdún kan péré lẹ́yìn rẹ̀, ní 1936, Martins tún bá Robeson ṣeré, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọmọ ni wọ́n rán wọn lọ́tẹ̀ yìí. C. L. R. James, ọmọ Trinidad, kọ eré nípa Toussaint Louverture àti àwọn ẹrú Haiti tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gba òmìnira. Westminster Theatre ni wọ́n ti ṣe é. Ènìyàn dúdú ni ó kọ ọ́, ènìyàn dúdú ni akọni inú rẹ̀, ìtàn ènìyàn dúdú tí ó ṣẹ́gun sì ni. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ṣe é, ó parí. Sanders ń káàkiri ayé nínú sinimá, Toussaint kò rí alẹ́ kẹta. Bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí Martins fi ṣe ipa tí ó ṣe ní ogún ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ẹ jẹ́ kí a máa rántí alẹ́ méjì yẹn.

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wà wàyí. Men of Two Worlds ni, tí Thorold Dickinson darí, tí ó jáde ní 1946. Ìlú kan ní Tanganyika ni a gbé ìtàn náà kalẹ̀ sí. Kisenga, ọmọ ìlú náà, ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Lọ́ńdọ̀nù, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú dùùrù títẹ̀ àti orin kíkọ. Ó padà wálé láti ran ìjọba lọ́wọ́, nítorí àrùn oorun tí eṣinṣin ń kó ran ènìyàn ti ń pa àwọn ará ìlú, Ajẹ́lẹ̀ sì fẹ́ kí wọ́n ṣí kúrò níbẹ̀ pátápátá. Magole, olóògùn ìlú, ní àwọn kò ní ṣí. Ó fi ikú halẹ̀ mọ́ Kisenga. Ẹ̀rù náà wọ ọ̀mọ̀wé lára débi pé ó dùbúlẹ̀ àìsàn, kí ó tó borí rẹ̀ níkẹyìn. Martins ni Magole.

Ẹ wo bí wọ́n ti pín ipa. Robert Adams tí ó ṣe Kisenga, ọmọ Guiana ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni, òun ni wọ́n fi ṣe ọmọ Áfíríkà tí ó mọ̀wé. Ọmọ Áfíríkà gidi tí ó wà láàárín wọn, ọmọ Èkó tí ó ti gbé Lọ́ńdọ̀nù ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Kisenga lọ, òun ni wọ́n fi ṣe ará oko tí kò fẹ́ ìmọ̀.

Àwa tí a ń kọ́ èdè gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ lórí orúkọ tí àwọn Òyìnbó fi ń pe irú ipa bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n ní, tí wọ́n fi àjẹ́ àti dókítà so pọ̀. Yorùbá kò da nǹkan pọ̀ bẹ́ẹ̀. Babaláwo yàtọ̀, oníṣègùn yàtọ̀, adáhunṣe yàtọ̀, oṣó yàtọ̀, àjẹ́ yàtọ̀. Ọmọdé tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí ń wo ọmọ sàn àti ẹni tí ń pa ọmọ jẹ kò tíì gbọ́ èdè. Òyìnbó kó gbogbo wọn sínú àpò kan, ó di ẹnu rẹ̀, ó ní kí Martins gbé e. Ohun tí ó sì burú jù ni pé bí a bá sọ àpò náà kalẹ̀, kò sí oníṣègùn kankan nínú rẹ̀ mọ́, ìkà nìkan ni ó kù. Nínú ìtàn Haiti tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ, àwòrò kan tí ń jẹ́ Boukman ni ó wà nídìí ogun òmìnira ní 1791. Nínú sinimá Dickinson, kò sí ohun tí àwòrò lè ṣe ju pé kí ó dí ọ̀nà lọ.

Àwọn ènìyàn wa rí èyí kí sinimá náà tó parí rárá. Ẹgbẹ́ WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Ládípọ̀ Ṣólànkẹ́, ọmọ Ẹ̀gbá, wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1925, gbọ́ bí ìtàn náà yóò ti rí, wọ́n sì ta kò ó lọ́dọ̀ ìjọba. Wọ́n ní ó bu ilẹ̀ Áfíríkà kù. Nítorí náà, nínú ìlú kan ṣoṣo, ní àkókò kan náà, ọmọ Yorùbá kan ń kọ̀wé pé kí wọ́n má ṣe ṣe eré yìí, ọmọ Yorùbá kejì sì ń kọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sórí. Èmi kò lè sọ pé Ṣólànkẹ́ jẹ̀bi. Òótọ́ ni ó sọ.

Ṣùgbọ́n kí ni Martins fi ipa náà ṣe? Ìgbà tí mo wo sinimá náà, mo retí aṣiwèrè kan tí ń fò sókè sódò, tí ó ń yí ojú. Kì í ṣe ohun tí mo bá nìyẹn. Adams ni ó ń làágùn, òun ni ojú rẹ̀ ń sá kiri, òun ni kò mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí. Magole dúró ni. Ohùn rẹ̀ wá láti ìsàlẹ̀ ikùn, kò yára, kò pariwo. Kò tẹríba fún Ajẹ́lẹ̀. Òǹkọ̀wé fẹ́ kí a kórìíra rẹ̀, a sì kórìíra ohun tí ó ń ṣe, ṣùgbọ́n bí ó bá ti yọ, ojú ẹni kì í lè kúrò lára rẹ̀ mọ́. Nínú sinimá tí ó fẹ́ fi hàn pé àṣẹ wà lọ́wọ́ Òyìnbó, ọkùnrin yìí rìn wọlé bí ẹni tí àṣẹ ti wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ kí Òyìnbó tó dé. Òwe àkọ́kọ́ ni mo ń sọ: iṣẹ́ ẹrú, ó fi ti ọmọ jẹ́ ẹ.

Kò yẹ kí n dúró síbẹ̀ kí n máa yìn ín, nítorí ìjàǹbá wà nínú ìyìn náà. Bí Martins bá ṣe Magole dáadáa tó bẹ́ẹ̀, àwọn ará Ìlú Ọba tí wọ́n jókòó sínú òkùnkùn ilé sinimá yóò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ wa rí. Bí kò bá sì ṣe é dáadáa, wọn yóò ní ènìyàn dúdú kò mọ eré ṣe. Ẹ̀bùn rẹ̀ ni ó sọ irọ́ náà di ohun tí ó ṣeé gbà gbọ́. Òwe wa kọ́ ni bí a ti í jẹ́ iṣẹ́ ẹrú. Kò sọ ohun tí ó yẹ kí ọmọ ṣe bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ láti lọ ba orúkọ ilé bàbá rẹ̀ jẹ́. Òwe mìíràn wà tí ó ní ẹni tí ó rán ni ní iṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Èyí ni ó mú Martins. Ẹni tí ó rán an ni ó ń san owó ilé rẹ̀. Àwa tí ó jẹ́ ẹ fún, a wà ní ìkọjá òkun.

Àwọn kan máa ń fi Hubert Ògúndé bá a wí. Wọ́n ní ní 1944, nígbà tí iṣẹ́ sinimá yìí ń lọ lọ́wọ́, Ògúndé ti bẹ̀rẹ̀ eré tirẹ̀ ní Èkó, ó ń fi Yorùbá ṣe é, kò sì pẹ́ tí eré rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dun ìjọba lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ ni, Ògúndé ni ó rán ara rẹ̀ ní iṣẹ́. Ṣùgbọ́n Ògúndé ní èrò tí ó gbọ́ èdè rẹ̀, tí ń fi owó ara wọn ra tíkẹ́ẹ̀tì. Níbo ni Martins yóò ti rí irú wọn ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà? Eré Toussaint ti dá wọn lóhùn.

Ìgbà tí a bá dé The Hasty Heart ni a óò mọ irú òṣèré tí ó jẹ́. John Patrick, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó kọ ọ́. Martins kọ́kọ́ ṣe é lórí ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1945, ó sì tún ṣe ipa kan náà nínú sinimá tí Vincent Sherman darí ní 1949. Ilé ìwòsàn àwọn ológun ní Burma ni. Lachie, sọ́jà ará Scotland, yóò kú láìpẹ́, kíndìnrín kan tí ó kù fún un kò ní pẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, òun nìkan ni kò sì mọ̀. Dókítà bẹ àwọn tí ó wà nínú wọ́ọ̀dù pé kí wọ́n ṣe é ní ọ̀rẹ́. Agbéraga ni Lachie, kò fẹ́ oore ẹnikẹ́ni. Wọ́n tù ú títí ó fi rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ pé ikú ń bọ̀, ó sì rò pé àánú lásán ni gbogbo ọ̀rẹ́ yẹn. Inú bí i, ó fẹ́ lọ.

Sọ́jà dúdú kan wà nínú wọ́ọ̀dù náà, Basuto ni wọ́n pè é. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń sọ, Blossom, èyí tí ó di orúkọ rẹ̀. Òun ni Martins. Nígbà tí gbogbo ènìyàn ti ṣàlàyé títí tí ó rẹ̀ wọ́n, Blossom ni ó mú ìlẹ̀kẹ̀ tí ó sín fún Lachie wá. Kókó ọ̀rọ̀ náà ni pé Blossom kò gbọ́ ohun tí dókítà sọ. Kò mọ̀ pé ọkùnrin yìí ń kú lọ. Kò lè jẹ́ pé àánú ni ó ń ṣe é. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ni ó já irọ́ ìgbéraga Lachie, tí ó sì dá a dúró láàárín àwọn ènìyàn. Gbogbo eré náà, pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tí wọ́n fi sí ẹnu àwọn yòókù, orí ọkùnrin tí kò sọ̀rọ̀ ni ó yí lé.

A lè bá òǹkọ̀wé náà wí. Ará Basuto ní èdè, èdè tí ó ní oríkì àti ìtàn, ṣùgbọ́n nínú wọ́ọ̀dù yẹn kò sí ẹnikẹ́ni tí ó wá ọ̀nà láti kọ́ gbólóhùn kan nínú rẹ̀. Òdòdó ni wọ́n sì sọ ọkùnrin ńlá náà, bí ẹni sọ ajá lórúkọ. Síbẹ̀, ẹ wo Martins. Kò rẹ́rìn-ín ìyàngì, kò ṣe bí ọmọdé. Ó ń fetí sílẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ èdè nínú ilé àlejò mọ irú ìfetísílẹ̀ yẹn: kì í ṣe ẹnu ni à ń wò, ojú ni. Ó ń ka ojú àwọn ènìyàn, nígbà tí ó bá sì nawọ́ ìlẹ̀kẹ̀, a rí i pé ó ti ka èyí tí àwọn tí ó gbọ́ èdè kò rí kà. Richard Todd tí ó ṣe Lachie gba òkìkí, wọ́n tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀ fún ẹ̀bùn Oscar. Mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ mú Blossom kúrò níbẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá eré yóò kù.

Ohun tí ó ń dùn mí nínú èyí kò ṣeé fi pamọ́. Nígbà tí wọ́n fún Martins ní ọ̀rọ̀ sọ, ọ̀rọ̀ ìkà ni wọ́n fún un. Ìgbà tí wọ́n gbà pé kí ó jẹ́ ènìyàn rere, wọ́n gba ahọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e kò ní gbà wá ní àkókò púpọ̀. Where No Vultures Fly ní 1951, Simba ní 1955 nípa ìjà Mau Mau, Safari ní 1956. Ní 1957 ó wà nínú sinimá Tarzan kan, kò sì sí òṣèré tí ó lè fi irú iṣẹ́ yẹn jẹ́ ti ọmọ, ì báà jẹ́ ta ni; mo wò ó dé ìdajì, mo pa á. The Nun's Story ti 1959 sàn jù, ṣùgbọ́n Audrey Hepburn ni ó ni ín. Ní ọdún 1959 yẹn náà ni Martins padà sí Èkó láti máa gbé ilé, ó sì ń ti ilé lọ ṣe eré fún wọn, bí i Sammy Going South ní 1963 àti Mister Moses ní 1965. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ní 2000, David Oyèlówò, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Oxford, ṣe Ọba Henry Kẹfà fún Royal Shakespeare Company. Ní ìgbà ti Martins, bí wọ́n bá fi ènìyàn wa ṣe ọba nínú sinimá wọn, ọba inú igbó ni.

Iṣẹ́ ọmọ padà dé, ṣùgbọ́n ó pẹ́. Ní 1970 ó wà nínú Kongi's Harvest, sinimá tí Ossie Davis darí, tí Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ṣe Kongi nínú rẹ̀. Ipa Martins kò tóbi. Ní 1971, nínú sinimá tí wọ́n fà yọ láti inú ìwé Achebe, ó ṣe Obierika. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka Things Fall Apart mọ ẹni tí Obierika jẹ́: òun ni ó ń ronú nígbà tí Okonkwo bá ń jà, òun ni ó ń béèrè ìdí tí àṣà fi rí bí ó ti rí, òun ni ó sì sọ̀rọ̀ sí Ajẹ́lẹ̀ lójú ní ìparí. Alágbà tí ó ní làákàyè, tí ó ní ọ̀rọ̀, tí kì í ṣe ìkà, tí kì í ṣe odi. Martins ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹni tí ó bá ti rí Magole lè fojú inú wo ohun tí ìdúró yẹn àti ohùn yẹn ì bá ti ṣe ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú, bí ẹnikẹ́ni bá fún un ní irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ṣe. Sinimá náà kò gbajúmọ̀, àwọn tí ó rí i kò pọ̀.

Takiu Fọlámí kọ ìtàn ayé rẹ̀ ní 1983, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1985, Martins kú ní Èkó. Ronald Reagan, tí wọ́n jọ wà nínú wọ́ọ̀dù Burma ti The Hasty Heart, ni Ààrẹ Amẹ́ríkà ní ọdún náà. Nínú gbogbo eré Martins tí mo dárúkọ níhìn-ín, kò sí ọ̀kan tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní èdè tí ó fi dàgbà ní Èkó.